Ẹ̀yìn Àgọ́: Bí Erin Ṣe Kúrò Lójú Agbo Sáákọ́ọ̀sì

Ní ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 2016, èrò pé jọ sí gbọ̀ngàn eré kan ní ìlú Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Erin mẹ́fà ni wọ́n wá wò. Àwọn erin náà jó, wọ́n pòòyì, wọ́n gun orí àpótí bí àwọn olùdarí wọn ti pàṣẹ, wọ́n sì jáde. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, erin márùn-ún mìíràn ń dárà ní ìlú Wilkes-Barre, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Bí wọ́n ti jáde lójú agbo lọ́jọ́ náà, wọn kò padà wọ̀ ọ́ mọ́. Ilé-iṣẹ́ Ringling Bros. and Barnum & Bailey, tó ti fi erin pawó fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, kó wọn lọ sí ọgbà ìfẹ̀yìntì tó ní sí agbègbè Polk City, ìpínlẹ̀ Florida.

Sáákọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe irú eré yìí: eré alárìnkiri tó ń pàgọ́ láti ìlú dé ìlú, tí ènìyàn àti ẹranko ń dárà nínú rẹ̀ fún owó. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn àgọ́ sáákọ́ọ̀sì náà ju ohun tí òǹwòran ń rí níwájú lọ. Ọjọ́ sì pẹ́ kí òfin àwọn òyìnbó tó lè dé ẹ̀yìn àgọ́ náà, nítorí pé bí aláṣẹ bá fi máa dé, eré ti ká àgọ́ rẹ̀, ó ti bá ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò tó fi ìyà pa mọ́ yìí kan náà ló padà wá tú àṣírí rẹ̀.

Ẹṣin ni eré yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1768, Philip Astley, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tó ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹṣin dárà fún àwọn òǹwòran ní ìlú London. Inú agbo róbótó ni ẹṣin náà ti ń sáré yípo, èyí sì ń jẹ́ kí ẹni tó nàró lẹ́yìn rẹ̀ lè dúró láìṣubú. Agbo tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 13 láti etí kan dé ìkejì ni àwọn oníṣẹ́ náà fara mọ́ nígbẹ̀yìn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ sáákọ́ọ̀sì ń lò títí di òní.

Nígbà tí ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù tẹ ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, ẹranko igbó di ọjà. Isaac Van Amburgh, ọmọ Amẹ́ríkà kan, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nítorí pé ó ń wọ inú àgò kìnnìún, ó sì ń ki orí bọ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí eré náà wà ní London ní ọdún 1839, Ọbabìnrin Victoria lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan kọ́, lẹ́ẹ̀mejì kọ́. Ìlù ni Van Amburgh fi ń kápá ẹranko, kò sì fi í pa mọ́. Ní Jámánì, Carl Hagenbeck, ọmọ ìlú Hamburg tó ń ta ẹranko fún ọgbà àti sáákọ́ọ̀sì káàkiri ayé, ta ko irin gbígbóná àti pàṣán tí àwọn ti àtijọ́ ń lò. Ó ní oúnjẹ àti sùúrù lè kọ́ ẹranko ní iṣẹ́. Síbẹ̀, Hagenbeck yìí kan náà ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń gba ọmọ ẹranko lọ́wọ́ ọdẹ tó pa ìyá rẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà ni erin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú ìtàn sáákọ́ọ̀sì. Jumbo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọdẹ mú un ní agbègbè tó wà láàárín Sudan àti Ethiopia, ní nǹkan bí ọdún 1861. Wọ́n gbé e dé Paris, nígbà tó sì di ọdún 1865, ọgbà ẹranko London gbà á. Àìmọye ọmọdé ló gun ẹ̀yìn rẹ̀ rìn nínú ọgbà náà. Ní ọdún 1882, oníṣòwò eré ará Amẹ́ríkà, Phineas Barnum, rà á ní 2,000 pọ́n-ùn. Ìlú London gbaná jẹ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ lẹ́tà sí ọbabìnrin pé kí wọ́n má ta Jumbo, àmọ́ ọjà ti tà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1885, eré parí ní ìlú St. Thomas lórílẹ̀-èdè Kánádà. Wọ́n ń mú Jumbo gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin padà lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí rélùwéè kan já lù ú. Ibẹ̀ ló kú sí, ẹni ọdún 24 péré. Ọjọ́ tí erin bá kú, oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí. Barnum mú kí wọ́n bọ́ awọ rẹ̀, kí wọ́n fi rán ère erin, kí wọ́n sì to egungun rẹ̀ jọ. Ó ń gbé méjèèjì kiri fún ìwòran. Jumbo tó ti kú ṣì ń rìnrìn-àjò, ó ṣì ń pawó. Awọ náà bá ara rẹ̀ ní Yunifásítì Tufts, níbi tí iná ti jó o ní ọdún 1975. Egungun wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé American Museum of Natural History ní New York.

Egungun náà ló jẹ́rìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní ọdún 2017, wọ́n rí i pé eyín Jumbo kò hù bó ti yẹ, nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún un kò le tó èyí tí erin ń jẹ nínú igbó. Oríkèé ìtàn àti orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ bíi ti erin arúgbó. Matthew Scott tó ń tọ́jú rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ dénú, kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi kú. Ìfẹ́ olùtọ́jú kò lè sọ ọkọ̀ ojú irin di igbó.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn. Nínú igbó, abo tó dàgbà jù ló ń ṣáájú agbo erin. Ìyá, ọmọ, àbúrò àti ọmọ àbúrò ni wọ́n jọ ń rìn. Erin lè fi wákàtí 16 jẹun lójúmọ́, ohun tó sì ń jẹ lè tó 150 kílò. Ó ń wẹ̀, ó ń yí nínú ẹrẹ̀, ó ń rìn jìnnà. Nínú sáákọ́ọ̀sì, eré rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ wákàtí tó kù, wọ́n á fi ṣẹ́ẹ̀nì de ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, tàbí kí ó wà ní ìdúró nínú ọkọ̀. Ti kìnnìún àti ẹkùn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgò tí a ní láti gbé sórí ọkọ̀ lónìí, tí a óò tún gbé lọ́la, kò lè fẹ̀. Ilé tí a ń tú palẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè ní odò tàbí igi. Bí olówó ẹranko bá tilẹ̀ jẹ́ onínúure, iṣẹ́ tó ń ṣe kò gbà á láyè láti fún ẹranko ní ohun tó nílò.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ erin sáákọ́ọ̀sì ṣe ń mi orí sọ́tùn-ún sósì lójú kan fún wákàtí pípẹ́, tí ẹkùn ń lọ, tí ó ń bọ̀ nínú àgò láìsinmi. Òǹwòran a máa rò pé erin ń jó. Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹranko mọ̀ pé àmì ìnira ni. Ọ̀pá kan tún wà tí àwọn olùdarí erin ń lò, tí irin ṣóńṣó àti ìkọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Lójú agbo, wọn kì í fi ṣe ju kí wọ́n nà án sí ibi tí erin yóò gbà lọ. Ibi tí erin ti kọ́ ìtumọ̀ ọ̀pá náà kò sí lójú agbo.

Nígbà tí erin bá sì ṣọ̀tẹ̀, ìyà rẹ̀ di ìran àpéwò. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kínní, ọdún 1903, wọ́n pa Topsy, erin tó ti sin sáákọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Coney Island ní New York. Wọ́n fún un ní májèlé jẹ, wọ́n fi iná mànàmáná gbé e, wọ́n sì fi okùn fún un lọ́rùn. Ilé-iṣẹ́ Edison ya fíìmù ikú náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916, Mary, erin sáákọ́ọ̀sì Sparks, pa òṣìṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, ní ìlú Kingsport, ìpínlẹ̀ Tennessee. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú un lọ sí ìlú Erwin, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí rélùwéè fi ń gbé ẹrù wúwo so ó kọ́ níṣojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ṣẹ́ẹ̀nì àkọ́kọ́ já, wọ́n mú òmíràn tó nípọn jù ú. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n ti fojú erin náà rí kí ó tó di apààyàn.

Àwọn kan wà tó ń béèrè. Ìwé kan tí Jack London, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ jáde ní ọdún 1917 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìtàn ajá kan ni, àmọ́ ó tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń lu ẹranko kí wọ́n tó lè dárà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà ẹranko ní ìpínlẹ̀ Massachusetts dá Ẹgbẹ́ Jack London sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ ẹgbẹ́ máa ṣe kò le: bí eré ẹranko bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dìde, kí wọ́n jáde.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ariwo náà bí òfin kan ní ọdún 1925. Òfin náà pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ ẹranko ní eré, tàbí tó ń fi í hàn fún owó, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ó fún ọlọ́pàá àti àwọn aṣojú ìjọba ní àṣẹ láti wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹranko. Ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn kan kún un: bí eré bá ń lọ lọ́wọ́, aláṣẹ kankan kò gbọdọ̀ gun orí ìtàgé tàbí kí ó lọ sẹ́yìn rẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ ló ya ààlà sí ẹ̀yìn àgọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1970 ni wọ́n tó fi sáákọ́ọ̀sì kún òfin ìtọ́jú ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1966. Àwọn olùbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ṣùgbọ́n eré tó ń sùn ní ìlú kan lónìí, tó ń jí ní òmíràn lọ́la, kò rọrùn láti bẹ̀ wò.

Ohun tí olùbẹ̀wò kò rí, kámẹ́rà rí i. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọdún 1994, ní ìlú Honolulu ní Hawaii, erin kan tó ń jẹ́ Tyke, tí wọ́n mú wá láti Mozambique nígbà èwe rẹ̀, pa olùdarí rẹ̀ lójú agbo, ó sì já síta. Àwọn ọlọ́pàá lé e ní ìgboro, ọta ìbọn tó ju 80 lọ ni wọ́n yìn fún un kó tó kú. Àwọn tó wà ní ilé wọn rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ náà, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ará Hawaii láti gbà pé eré ọmọdé lásán ni sáákọ́ọ̀sì.

Ìjà ilé-ẹjọ́ kò fi gbogbo ìgbà rí bí àwọn agbèjà ẹranko ṣe fẹ́. Ní ọdún 2000, àwọn ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ tó ni Ringling lẹ́jọ́ nítorí ọ̀pá onírin àti ṣẹ́ẹ̀nì. Ẹjọ́ náà falẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, adájọ́ sì dà á nù nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ náà ti ń sanwó fún ẹlẹ́rìí wọn pàtàkì, ẹni tó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ nídìí erin náà. Nígbẹ̀yìn, àwọn tó pẹjọ́ ló san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 25 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà gbà láti san 270,000 dọ́là fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, lórí ẹ̀sùn pé ó rú òfin ìtọ́jú ẹranko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Ibòmíràn ló ti kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Ní ọdún 1998, ìjọba Íńdíà fòfin de fífi kìnnìún, ẹkùn, béárì àti ọ̀bọ ṣeré. Àwọn oní-sáákọ́ọ̀sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Kerala dá wọn lẹ́bi ní ọdún 2000, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2009, Bolivia di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fòfin lé gbogbo ẹranko kúrò nínú sáákọ́ọ̀sì, àti ti igbó àti ti ilé.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba yàn sọ pé ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò tó láti fòfin de eré náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Animal Defenders International fi kámẹ́rà pa mọ́ sí ibùdó tí sáákọ́ọ̀sì kan máa ń wà nígbà òtútù. Erin kan tó ń jẹ́ Anne wà níbẹ̀, abo arúgbó tí wọ́n mú wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1959. Àwòrán náà fi hàn bí wọ́n ṣe fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́lẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kan ń ta á nípàá, tó sì ń fi irin tí wọ́n fi ń kó koríko lù ú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011 wọ́n gbé Anne lọ sí ọgbà ẹranko Longleat. Lọ́dún 2012, ilé-ẹjọ́ dá olówó rẹ̀ lẹ́bi, àmọ́ kò rán an lẹ́wọ̀n.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, àwọn aṣòfin fohùn ṣọ̀kan pé kí ìjọba lé ẹranko igbó kúrò nínú sáákọ́ọ̀sì. Ó tún gba ọdún mẹ́jọ. Ní ọdún 2016, ìwádìí kan tí ìjọba Wales ní kí wọ́n ṣe sọ pé ìgbésí ayé ẹranko igbó nínú sáákọ́ọ̀sì alárìnkiri kò lè jẹ́ èyí tó dára. Scotland ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2018, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní 2019, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 20, oṣù Kínní, ọdún 2020. Nígbà náà, ẹranko igbó 19 péré ló kù lọ́wọ́ àwọn sáákọ́ọ̀sì tó níwèé àṣẹ, ràkúnmí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan wà lára wọn. Ohun tó yẹ kéèyàn kíyè sí ni ìdí tí ìjọba fi ṣe òfin náà: kò dúró de ìgbà tí wọn yóò wọn ìrora ẹranko lórí òṣùwọ̀n, ó ní irú eré bẹ́ẹ̀ kò bá ìwà ọmọlúàbí mu mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ìrìn-àjò ló padà di ìdíwọ́ fún sáákọ́ọ̀sì. Eré alárìnkiri gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìlú kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀. Kò sí òfin àpapọ̀ tó lé erin kúrò, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìlú Los Angeles dìbò ní ọdún 2013 láti fòfin de ọ̀pá onírin, ìlú Oakland sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2014. Bí ìlú kan bá gba ọ̀pá, tí èkejì kọ̀ ọ́, báwo ni erin yóò ṣe rìnrìn-àjò? Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ tó ni Ringling kéde pé erin yóò kúrò lójú agbo, ó sì sọ pé òfin onírúurú ìlú wà lára ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn tí erin lọ, èrò dín kù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017 sáákọ́ọ̀sì náà kógbá sílé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 2023 ó tún ṣí padà, ènìyàn nìkan ló ń dárà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kan kù tí òfin kò fi bẹ́ẹ̀ dáhùn: ta ni yóò bọ́ ẹranko tó ti fẹ̀yìn tì? Ní ọdún 2019, ìjọba Denmark ra erin mẹ́rin tó kù nínú àwọn sáákọ́ọ̀sì rẹ̀ ní mílíọ̀nù 11 owó kírónà. Ó ra ràkúnmí kan pẹ̀lú, Ali, nítorí pé òun ni ọ̀rẹ́ Ramboline, ọ̀kan lára àwọn erin náà, tó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé láìrí erin bíi tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Àwọn eléré tó ń fi ṣẹ́ẹ̀nì fa ìkookò, ọ̀bọ àti òjòlá kiri láti òkè ọya dé Èkó kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Pieter Hugo, ayàwòrán ọmọ South Africa, bá wọn rìn, ó sì gbé àwòrán wọn jáde ní ìwé kan ní ọdún 2007. Ó sọ pé ìyà ẹranko ni àwọn òyìnbó tó rí àwòrán náà máa ń béèrè nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n béèrè ìdí tí ènìyàn fi ní láti mú ẹranko igbó kí ó tó rí oúnjẹ jẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ ìyà ènìyàn kò pa ìyà ẹranko rẹ́. Abala 495 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn lu ẹranko nílùkulù tàbí kí ó dá a lóró. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tí kò ju owó omi inú ọ̀rá lọ.

Òfin ọdún 1925 ní London náà wà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹranko sì ń jìyà lẹ́yìn ìtàgé tí kò jẹ́ kí aláṣẹ dé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kámẹ́rà kan lẹ́yìn àgọ́ ló jẹ́ kí ará London rí igi náà. Ní ojú títì Èkó, níbi tí kò sí àgọ́, gbangba ni ṣẹ́ẹ̀nì ọrùn ìkookò wà.